Inú Omi Ni Mo Ti Dá Alága Lóhùn

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Alága pè lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Àkọ́bí mi ni, èmi ni mo bí i, ṣùgbọ́n tó bá ti ń bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń darí ìpàdé ni. "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé kókó kìíní yẹ̀ wò." Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Alága nínú ìwé yìí. Òun ò mọ̀. Kó má mọ̀ náà.

Kókó kìíní: kí n má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Èmi tí mo ṣe nọ́ọ̀sì títí irun mi fi funfun! Kókó kejì: kí n má wọ inú òkun níbi ìsinmi tí à ń lọ. Kókó kẹta: bí a bá ti dé ọ̀hún, kí n ronú dáadáa sí ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ.

A ò jọ sọ ọ̀rọ̀ kankan. Òun ló sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ kí ọdún tó parí ló ti ń sọ pé mi ò lè máa dá gbé mọ́, kí n kó wá sílé òun. Yàrá kan wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Yàrá kan. Èmi tí mo fi owó iṣẹ́ òru kọ́lé, tí mo ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, tí mo dúró ti bíríkìlà nínú oòrùn kó má baà fi iyanrìn rọ́pò sìmẹ́ńtì mi. Ẹni tó bá ṣubú, ṣebí kó dìde ni? Mo dìde. Mo nu ilẹ̀ balùwẹ̀ náà gbẹ kí n tó wo orúnkún mi.

Lọ́la, erékùṣù. Àwa mẹ́ta tí a jọ ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan náà títí a fi fẹ̀yìn tì: èmi, Síírìnjì, Ìyá Ìrọ̀rí. Ìyá Ìrọ̀rí ló mú ìrìn àjò náà wá. Ó ní òun fa nọ́ńbà ní ilé ìtajà ńlá kan, nọ́ńbà òun ló jáde — ọjọ́ mẹ́wàá ní ilé ìtura etí òkun, ẹni mẹ́ta, ọ̀fẹ́. Síírìnjì ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ Ìyá Ìrọ̀rí, kò jẹ bísíkíìtì rí nínú tẹ́tẹ́, áńbọ̀ńtórí òkun. Mo ní kó fi obìnrin náà sílẹ̀, ire ò mọ ẹni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta

Ọkọ̀ ojú omi. Èébì. Síírìnjì ló bì, kì í ṣe èmi. Obìnrin tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ láìwo ojú wọn, tí àwọn géńdé ọkùnrin máa ń gba ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù sá fún, òun ló di irin ọkọ̀ mú tó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ó ní tí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni, òun á gún mi. Mi ò sọ. Mo kọ ọ́ ni.

Erékùṣù náà kéré. Igi àgbọn, iyanrìn funfun tó ń jó ẹsẹ̀, ooru tó ń lẹ̀ mọ́ni lára. Yàrá wa ní ibùsùn mẹ́ta, fáànù kan tó ń mi orí bí ẹni tí kò gbà, fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. A ò rí òkun níbẹ̀, à ń gbọ́ ọ ni. Ìyá Ìrọ̀rí ti sùn kí a tó tú ẹrù. Kò síbi tí kò lè sùn sí, ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Lẹ́nu iṣẹ́ òru, á máa sùn ní ìdúró, ṣùgbọ́n kí aláìsàn kan wúkọ́ pẹ́rẹ́, á ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ìsinmi. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jí, tí a ti wẹ̀, tí a ti múra. A jókòó létí ibùsùn bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n wá fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó wá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo wọ inú òkun. Dé ọrùn ẹsẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo wọ̀ ọ́. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, iyanrìn ń yọ́ lọ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi bíi pé ilẹ̀ fẹ́ sá fún mi. Mo kígbe. Síírìnjì ní kí n má dójú ti wọ́ọ̀dù wa.

Fóònù dún níbẹ̀. Alága. Ó ní ṣé mi ò wọ omi ṣá? Mo ní inú rẹ̀ ni mo wà. Ó ní a máa ní láti fi ìyẹn kún àwọn kókó tó wà nílẹ̀. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣe nǹkan kan. Mo kúkú pa á pátápátá, mo jù ú sísàlẹ̀ àpò.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ìrọ̀rí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi àgbọn. Ó ní ilé Alága mà dáa o, pé àdúgbò náà tura, pé ọgbà kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn àti ilé ọmọbìnrin òun tí òun ń gbé láti bí ọdún méjì. "À bá máa rí ara wa lójoojúmọ́, Ọ̀gá." Ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí láti wọ́ọ̀dù. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ta ló rán an sí mi? Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ ló kàn dé ẹnu òun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Omi dé orúnkún. Kò sẹ́ni tó kú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Jẹ́ kí n rọra kọ ọ́.

Bí a ṣe jí láàárọ̀, a ṣe ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́ ayé wa. A tẹ́ ibùsùn bí wọ́n ṣe kọ́ wa: aṣọ tí a fà le gbọnrangandan, igun tí a ṣẹ́ bí àpò lẹ́tà. Síírìnjì fọ balùwẹ̀. Èmi ká táwẹ́ẹ̀lì. A da pàǹtí nù. A kó gbogbo ẹrù wa sínú kọ́bọ́ọ̀dù, a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, torí ẹrù tó bá wà nílẹ̀ lè gbé aláìsàn ṣubú. Kò sí aláìsàn níbẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa kọ́ arúgbó bó ṣe máa fi yàrá sílẹ̀ rúdurùdu?

Àwọn ọjọ́ tó kọjá, Ìyá Ìrọ̀rí máa ń wà lórí ibùsùn tí wọ́n bá wá tún yàrá ṣe. Lónìí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jáde lọ sí òdìkejì erékùṣù. A fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà kó má baà bọ́ sómi. Síírìnjì ní, "A ti ń lọ o, ẹ ṣeun."

Ìgbà tí a fi padà lọ́sàn-án, tí omi ń ro tótó lára wa — omi ti dé ìdí mi lónìí — a ò bá ẹnikẹ́ni níbi ìgbàlejò, ilẹ̀kùn yàrá ò sì tì, mo ṣí i. Tọkọtaya tuntun ló wà lórí ibùsùn mi. Ọkọ ìyàwó fa aṣọ bora dé ọrùn. Síírìnjì sún mọ́ ọn, ó bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá ni, tó fi ń bora nínú irú ooru yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Obìnrin tó ń tún yàrá ṣe ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, kò rí ìdọ̀tí, kò rí ẹrù, kò rí àmì pé ẹnikẹ́ni sùn níbẹ̀. Ó lọ sọ pé a ti kúrò. Wọ́n bá fi yàrá fún ẹlòmíràn. Omijé ti ń bọ́ lójú obìnrin náà nígbà tó ń ṣàlàyé. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò rí àlejò tó fi yàrá sílẹ̀ báyẹn rí. Ọ̀gá ilé ìtura tọrọ àforíjì títí, ó gbé wa lọ sí yàrá ńlá tó kọjú sí òkun. A rí ẹrù wa nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn báàgì ìyàwó tuntun. Ẹ̀rín pa wá débi pé Ìyá Ìrọ̀rí jókòó sílẹ̀.

Àfi ìgbà tí ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà wá bá mi. Ire ló rò tó fi sọ ọ́. Ó ní kí n má bínú, òun ti pe ọmọ mi. Mo ní ọmọ mi wo? Ó ní ọkùnrin tó sanwó yàrá wa, pé nọ́ńbà rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ àwọn, òun sì ti sọ fún un pé a ti lọ.

Ọkùnrin tó sanwó.

Mo wo Ìyá Ìrọ̀rí. Ilẹ̀ ló ń wò. Fóònù rẹ̀ ti ń dún nínú báàgì, ń dún, ń dún. Mo ní bó bá gbé e, kó má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé yìí. Mo ní kí ọmọbìnrin náà tún pe Alága, kó sọ fún un pé ìyá rẹ̀ wà láàyè, àti pé ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ẹni tó sanwó. Kó má fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Kò sí nọ́ńbà tó jáde ní ilé ìtajà kankan.

Ìyá Ìrọ̀rí jẹ́wọ́ láàárọ̀ yìí níwájú yàrá, Síírìnjì ń gbọ́. Alága ló lọ bá a nílé ọmọ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ẹnu rẹ̀ nìkan ni Màmá ń gbọ́ sí. Òun á sanwó ìsinmi, Ìyá Ìrọ̀rí á fi ọ̀rọ̀ dídùn yí mi lọ́kàn padà, tí a bá fi máa dé, gbogbo rẹ̀ á ti rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo ní ṣé ó tán? Ó ní kò tán. Wọ́n ti ń kó ẹrù mi lọ sílé Alága. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ wa ti gbéra ni wọ́n ti ń kó o. Wọ́n ti fi ilé mi háyà fún òṣìṣẹ́ báńkì kan, ó máa kó wọ̀ ọ́ lópin oṣù.

Inú bí mi gan-an. Mo gbé ife sílẹ̀ kí n má baà jù ú. Mo rò ó — wọ́n ń fi ìkòkò tí mo fi ń po ògì àwọn ọmọ mi dí inú páálí, èmi wà níbí, mò ń jẹ àgbọn. Síírìnjì ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló wà. Ó sọ ọ́ lójú Ìyá Ìrọ̀rí.

Mo bi Ìyá Ìrọ̀rí pé kí ló dé. Ó ní nílé ọmọ òun, inú yàrá àwọn ọmọ-ọmọ lòun ń sùn. Kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀, kọ́tìnì ni. Ó ní kò sẹ́ni tó ṣe òun níkà. Wọ́n ń kí òun, wọ́n ń fún òun lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjì, òun ò pààrọ̀ aṣọ rí láìkọ́kọ́ tẹ́tí sí bóyá ẹnìkan ń bọ̀. Ó ní, "Mo rò pé tí ìwọ náà bá wà lódìkejì ọgbà, á rọ̀ mí lọ́rùn."

Ìyẹn ni pé kí wọ́n wá ti èmi náà mọ́lé, kó lè rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Mi ò dárí jì í. Mo kàn gbé oúnjẹ fún un nígbà tí oúnjẹ dé, torí kò lè dìde.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Alága dé.

Inú òkun ni mo wà, omi wà ní ìbàdí mi, mo rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lórí iyanrìn pẹ̀lú bàtà dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn, báàgì kọ̀ǹpútà léjìká. Ọkọ̀ ojú omi ti fojú rẹ̀ rí màbo, ó hàn lára táì rẹ̀. Ó dúró níbi tí omi ò ti lè kan bàtà. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

Mo fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀. Omi dé àyà.

Ó ní àwọn èèyàn ń wò wá. Òótọ́ ni. Síírìnjì ti gbé àga rẹ̀ sún mọ́ etí omi kó lè gbọ́ dáadáa, tọkọtaya tuntun náà sì ti jókòó. Mo ní kó sọ tẹnu rẹ̀, etí mi ò tíì di. Ó sọ ọ́: balùwẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, pé dókítà ní báyìí, pé tí nǹkan bá ṣe mí, aráyé á ní òun pa ìyá òun tì. Mo ní kí àwọn aráyé náà máa bọ̀, òkun gbà wá.

Mo tún fi ẹ̀yìn rìn. Omi dé ọrùn. Ẹ̀rù ń bà mí o, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ìwé mi, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé àgbọ̀n mi sókè, mo ṣí ìpàdé.

Mo ní kókó kìíní: ilé mi ni. Kókó kejì: gbé ibùsùn mi padà síbi tí o ti gbé e. Kókó kẹta: sọ fún ará báńkì kó wá ibòmíràn gbé. Mo ní ṣé a rí ẹni tó kín mi lẹ́yìn? Síírìnjì ní òun kín in lẹ́yìn. Ọkọ ìyàwó tuntun nawọ́. Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ́wọ́ wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti nà án.

Mo rò pé Alága á bínú. Kò bínú. Ìgbì kan wá, ó bo bàtà rẹ̀, kò sún. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó dà bí ìgbà tó wà ní kékeré tí wọ́n bá paná. Ó ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Màmá. Tí ẹ bá ṣubú tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun. Ọmọ mi ni. Mo sọ fún un pé ẹ̀rù náà ń ba èmi gan-an. Ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n ṣubú nílé mi ju kí n máa dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìsáṣọ rẹ̀.

Ó bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ padà, kò jẹun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mi ò sùn. Ìyá Ìrọ̀rí náà ò sùn — mi ò rí irú rẹ̀ rí. A kó ẹrù. Ìsinmi tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo ẹnu ọ̀nà ilé mi.

Mo dúró níwájú ilé tí mo fi òógùn ojú mi kọ́, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi ò wọ̀ ọ́. Síírìnjì ló tẹ̀ lé mi wá. Ìyá Ìrọ̀rí ti gba ilé ọmọ rẹ̀ lọ, kò lè wo ojú mi. Mo lọ pe wẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò. Ẹni tuntun ni, kò mọ̀ mí. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ nilé?" Mo ka iye búlọ́ọ̀kù tó wà ní ògiri iwájú fún un, mo sì fi ibi tí bíríkìlà ti ṣe àṣìṣe hàn án. Ó ní ó tó, Màmá. Ó gé e.

Inú ilé ṣófo. Àmì kọ́bọ́ọ̀dù wà lára ògiri. Ibùsùn ti lọ, àga ti lọ, kódà wọ́n kó omorogùn mi. Àpótí ìjókòó ilé ìdáná nìkan ni wọ́n gbàgbé. A tẹ́ aṣọ sílẹ̀, a fi báàgì ṣe ìrọ̀rí. Síírìnjì ní ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Mo ní èkúté gan-an, wọ́n ti kó o lọ.

Mo ra àgádágodo tuntun tèmi. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Gbogbo eegun ló ń dùn mí. Ilẹ̀ ilé mi le. Ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọkọ̀ akẹ́rù dé láàárọ̀. Alága fúnra rẹ̀ ló jókòó síwájú. Kò pe ìpàdé. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó bá wọn gbé ẹrù wọlé, ó tò ó bí kò ṣe yẹ, èmi náà ń tún un tò lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ará báńkì ń bínú sí òun. Mo ní kó bá mi kí i.

Nígbà tí mo fi máa bojú wẹ̀yìn, ó ti wà ní balùwẹ̀, ó ń lu ògiri mi. Ó kan irin ìdìmú kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo ti ń wẹ̀. Kò bi mí léèrè. Ó wà lẹ́nu mi kí n ní kó yọ ọ́. Mo dì í mú, mo fi gbogbo ara fà á, kò mì. Mo fi í sílẹ̀.

Ó jẹun. Ó jẹ abọ́ méjì. Kó tó lọ, ó ní kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ kan, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ní rárá. Mo ní tó bá ti dé, kó kanlẹ̀kùn, màá wá ṣí i. Ó ní tí ẹ ò bá wá lè ṣí i ńkọ́, Màmá? Mo ní màá ronú sí ìyẹn. Mo sì ń ronú sí i lóòótọ́, láti àárọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo pe Ìyá Ìrọ̀rí. Ó ti ń sunkún kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní kó panu mọ́, inú ṣì ń bí mi. Mo ní yàrá ẹ̀yìn ilé mi ṣófo. Mo ní ilẹ̀kùn wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó dé kí oòrùn tó mú, báàgì kan, ìrọ̀rí kan lábẹ́ apá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹ̀bẹ̀ lòun kàn wá bẹ̀. Mo ní ṣé ìrọ̀rí náà fẹ́ bẹ̀ mí ni? Mo mú un lọ sẹ́yìn. Mo fi ibùsùn hàn án, mo fi kọ́kọ́rọ́ hàn án lára ilẹ̀kùn, ní apá inú. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, mo gbọ́ bó ṣe yí kọ́kọ́rọ́ náà. Ó yí i padà, ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó tún tì í. Ó tún yí kọ́kọ́rọ́.

Kò pẹ́ tí fóònù bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti pe Alága, Alága pè mí. Ó ní kí ni àwọn ń gbọ́ yìí, Màmá, ta ló fọwọ́ sí i, ṣé kò yẹ ká jókòó sọ ọ́ ni? Mo jẹ́ kó ka àwọn kókó rẹ̀ tán. Mo wá ní, "Ṣebí o ní kí n má dá gbé mọ́? Mi ò dá gbé mọ́."

Ó wá ní ṣé Ìyá Ìrọ̀rí á gbọ́ tí mo bá ṣubú? Mo ní á gbọ́ tí mo bá wúkọ́.

Ọ̀sán ti pọ́n. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà ní títì. Mo ti bo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò kanlẹ̀kùn.